Mo ti ra tíkẹ́ẹ̀tì BTCC ti ọdún yìí, ẹ gbọ́ ohun tí mo rí ní Brands Hatch

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń bi mí pé kí ni mo rí lára eré ìje mọ́tò tí mò ń náwó lé lórí báyìí, ẹ jókòó kí n sọ ọ́ tán lẹ́ẹ̀kan náà, torí ó ti sú mi láti máa sọ ọ́ fún yín lọ́kọ̀ọ̀kan. BTCC ni o, British Touring Car Championship, kì í ṣe Formula 1. Mọ́tò tí wọ́n fi ń sáré níbẹ̀, irú èyí táwa náà ń wà lọ ibi iṣẹ́ ni, Hyundai i30, Ford Focus, BMW, wọ́n kàn tú gbogbo inú ẹ̀ dànù ni, wọ́n wá gbé ẹ́ńjìnnì tọ́bò lítà méjì sí i. Wọ́n sì máa ń gbún ara wọn! Wọ́n á fi ẹ̀gbẹ́ ti ara wọn, bọ́ńpà á já, dígí á fò lọ, wọn ò ní dúró. Ohun tó kọ́kọ́ fà mí mọ́ra nígbà tí mò ń wò ó lórí ITV4 nìyẹn, mo ní áà, eré táwọn èèyàn ń sá bíi pé wọ́n ń bínú síra wọn.

Brands Hatch ní Kent ò jìnnà sí wa níbí, láti Thamesmead tí ọ̀nà bá dá, bí ìdajì wákàtí ni. Ibẹ̀ náà ni wọ́n ti sá ti àkọ́kọ́ pàá, ní ọjọ́ kejì Kérésì ọdún 1957. Mo ti lọ lóṣù karùn-ún, mo sì ti lọ lóṣù kẹwàá, ìmọ̀ràn mi sì ni pé tó bá jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lẹ máa lọ nínú sísìn (sáà eré) tó ń bọ̀ yìí, ti oṣù karùn-ún ni kẹ́ ẹ mú. Ìdí ni pé ọ̀nà kékeré tí wọ́n ń pè ní Indy ni wọ́n ń lò nígbà yẹn, kò ju máìlì kan àti díẹ̀ lọ, mọ́tò á yí i po láàárín ìṣẹ́jú àáyá méjìdínláàádọ́ta síbẹ̀, kó o tó bu jọ̀lọ́ọ̀fù sẹ́nu wọ́n ti tún dé. Ẹ lọ dúró sórí koríko ní Paddock Hill Bend. Kọ́nà yẹn, ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n ń yà, bí wọ́n ṣe ń yà ni ilẹ̀ á ṣàdédé já wálẹ̀ lábẹ́ wọn, wọ́n á tún wá gun òkè lọ sí Druids, kọ́nà tó tẹ̀ lé e. Bí àwo ọbẹ̀ ni gbogbo ibẹ̀ rí, o lè rí èyí tó pọ̀ jù nínú eré náà láìkúrò lójú kan. Ti oṣù kẹwàá, ọ̀nà gígùn ni, wọ́n á wọ inú igbó lọ, ariwo nìkan lẹ máa gbọ́ títí wọ́n á fi jáde padà. Àmọ́ ibẹ̀ ni sísìn ti ń parí, kò sí bí mo ṣe lè parọ́, lóṣù kẹwàá 2025 tí awakọ̀ tó ń jẹ́ Tom Ingram gba ife mọ́ awakọ̀ ẹgbẹ́ ẹ̀, Ash Sutton, lọ́wọ́, ohùn mi há pátápátá, ọjọ́ Mọ́ńdè mi ò lè sọ̀rọ̀ níbi iṣẹ́.

Ọ̀rọ̀ Sutton yẹn gan-an ló ń mú mi lára yá. Ó ti gba ife yìí nígbà mẹ́rin, Andy Rouse náà gbà á nígbà mẹ́rin, Colin Turkington náà mẹ́rin, kò sẹ́ni tó tíì gba márùn-ún rí. Ìyẹn nìkan tó láti máa tẹ̀ lé e láti Donington, níbi tí sísìn ti ń bẹ̀rẹ̀ lóṣù kẹrin.

Eré mẹ́ta ni wọ́n ń sá lọ́jọ́ Sunday, ìkẹta ló dùn jù. Wọ́n á ṣẹ́ nọ́ńbà, tó bá já sí mẹ́jọ, ẹni tó ṣe ipò kẹjọ nínú eré kejì ló máa ṣíwájú, ẹni tó gbégbá orókè á lọ sẹ́yìn. Ìdàrúdàpọ̀ lásán ni, mo fẹ́ràn ẹ̀. Èyí tí mi ò fẹ́ràn tó bẹ́ẹ̀ ni bí wọ́n ṣe ń dín agbára tọ́bò àfikún (agbára díẹ̀ tí awakọ̀ lè fi kún ẹ́ńjìnnì fún ìgbà kúkúrú) kù fún ẹni tó bá ń ṣe dáadáa, ó dà bí kí ọmọ ṣe ipò kìíní ní kíláàsì kí tíṣà wá ní ọwọ́ òsì ni kó fi kọ ìdánwò tó kàn. Bátìrì hybrid, èyí tó ń fi iná mànàmáná ran ẹ́ńjìnnì lọ́wọ́, tí wọ́n gbé sí mọ́tò láti 2022 ńkọ́, wọ́n ti yọ ọ́ kúrò ní 2025, ó sì dáa bẹ́ẹ̀ lójú tèmi, mọ́tò ti fúyẹ́.

Ẹ má lọ jẹun tàbí lọ sùn nígbà tí àwọn eré kéékèèké bá ń lọ o. Nínú Ginetta Junior, ọmọ ọdún 14 tí ò tíì lè wakọ̀ lójú títì ló ń fi mọ́tò sáré bẹ́ẹ̀ yẹn, Lando Norris tó ń sá Formula 1 náà sá a ní 2014. Ọmọ mi wò ó tán, ó yíjú sí mi, mo tètè wo ibòmíì torí mo mọ ohun tó fẹ́ sọ, mo sì mọ iye tó wà ní báńkì.

Ẹ ra tíkẹ́ẹ̀tì lórí íntánẹ́ẹ̀tì ṣáájú, ti géètì máa ń wọ́n. Ẹ mú ohun tí wọ́n fi ń di etí dání fáwọn ọmọdé, ẹ gbé kúlà oúnjẹ yín lọ, torí mo ra bọ́gà kan lọ́wọ́ ẹnì kan lẹ́yìn ọkọ̀, ó tutù, ó le, owó ẹ̀ sì tó ra ìrẹsì ọ̀sẹ̀ kan. Bàtà funfun tí mo wọ̀ lọ nígbà tí òjò rọ̀, ìyàwó mi ò jẹ́ kí n mú un wọlé. Ẹ sì ya fọ́tò ibi tẹ́ ẹ páàkì sí, mi ò ya tèmi, mo rìn káàkiri pápá fún ogójì ìṣẹ́jú, ọmọ ń rẹ́rìn-ín mi.

Mo fún un ní mẹ́rin nínú márùn-ún, mo yọ ọ̀kan torí ọ̀rọ̀ tọ́bò yẹn. Ti Brands Hatch ti wà lọ́wọ́ mi. Ó ku Knockhill lóṣù kẹjọ, Scotland ni, ó jìn bí ọ̀run, ta ló máa bá mi dá owó pẹtiró?