Amon Amarth, Twilight of the Thunder God: àrá inú CD

Ẹ jẹ́ n sọ òótọ́, ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ gbé CD Amon Amarth, ẹgbẹ́ olórin heavy metal, yìí sí i, mo rò pé sípíkà mi ti bàjẹ́ ni. Johan Hegg tó ń kọrin níbẹ̀ ò kọrin o, ṣe ló ń bú ramúramù, ìyàwó mi yọjú láti kíṣìnì ó ní "Bàbá Ìbejì, kí lẹ ṣe fún ọkùnrin yìí?"

Ìwé pélébé inú ẹ̀ ló là mí lójú. Ará Sweden ni wọ́n, 2008 ni àwo yẹn jáde, orin àkọ́kọ́ sì ni ìjà Thor, òrìṣà àrá àwọn baba ńlá wọn, pẹ̀lú Jörmungandr, ejò tó gùn débi pé ó yí gbogbo ayé ká tó tún fẹnu mú ìrù ara ẹ̀. Mo wá ìtàn yẹn kà, èyí tí Snorri Sturluson kọ sílẹ̀ ní Iceland ní nǹkan bí 1220: lọ́jọ́ tí ayé ń parí, Thor pa ejò, ó rìn ìṣísẹ̀ mẹ́sàn-án péré, oró ejò dà á wó, ó kú. Mẹ́sàn-án! Mo tún orin yẹn gbé sí i, gìtá ń ké, ìlù tí wọ́n ń fẹsẹ̀ méjèèjì lù ń dún kìkìkì, gbogbo ara mi ṣù. Àbí ohùn kwáyà lẹ fẹ́ kí wọ́n fi kọ irú ìjà yẹn ni? Ẹni tó bá ti gbọ́ bí wọ́n ṣe ń pe Ṣàngó mọ̀ pé wọn kì í rọra pe ọba àrá. (Òbúkọ méjì ló ń fa ọkọ̀ Thor o, tiwa àgbò ló ń jẹ.)

Orin 10 ló wà nínú ẹ̀, tó bá fi máa dé ìkẹfà ó ti ń jọra, àfi Live for the Kill tí ẹgbẹ́ Apocalyptica ti bá wọn ta sẹ́lò, gòjé ńlá àwọn òyìnbó. Kì í sì í ṣe gbogbo ẹ̀ ni ìtàn òrìṣà, Varyags of Miklagaard ti àwọn Viking, jagunjagun ìlú wọn látijọ́, tó lọ ṣọ́ ọba ní Constantinople (Istanbul òde òní) ni, ìyẹn ṣẹlẹ̀ lóòótọ́.

Ẹni tó tà á fún mi ní tuntun ni, páálí ẹ̀ ti sán kó tó dé ọwọ́ mi, CD ò ṣáà há.

Mo fún un ní 4 nínú 5. Ìyàwó mi fún un ní òdo, àmọ́ Sátidé tó kọjá mo gbé Guardians of Asgaard, orin kan nínú ẹ̀, sí i, ọmọ odó ẹ̀ ń bá ìlù yẹn lọ ṣáá, iyán ò tíì kúnná tó bẹ́ẹ̀ rí.