Alsatian tàbí Malinois: èwo ló bá ilé yín mu?

Tí ẹ bá bi mí pé, nínú ajá Alsatian àti ajá Malinois, èwo ni kí ẹ rà, ohun tí mo máa kọ́kọ́ bi yín ni pé: aago mélòó lẹ máa ń jáde nílé, aago mélòó lẹ sì máa ń wọlé? Mo ń sin méjèèjì ní Bódìjà, n'Ìbàdàn níbí. Tanímọ̀la ni akọ Alsatian, Yára ni abo Malinois. Mo fẹ́ràn wọn dénú, ṣùgbọ́n ilé tó yẹ ọ̀kan lè má yẹ èkejì rárá.

Ẹni tó bá rí wọn lọ́ọ̀ọ́kán á rò pé ọmọ ìyá ni wọ́n. Etí wọn máa ń nà ṣánṣán, ẹnu wọn dúdú, iṣẹ́ dída àgùntàn ni baba ńlá àwọn méjèèjì sì ń ṣe. Jámánì ni Alsatian ti wá. Lọ́dún 1899 ni Max von Stephanitz, ọ̀gá ológun kan, kọ orúkọ èyí àkọ́kọ́, Horand, sínú ìwé. Bẹ́ljíọ̀mù ni ti Malinois. Tí ẹ bá gbé wọn lé òṣùwọ̀n, akọ Alsatian máa ń tó kílò 30 sí 40, akọ Malinois sì sábà máa ń wà láàárín 25 sí 30. Ara fífúyẹ́ yẹn ló ń tan àwọn èèyàn jẹ. Wọ́n á ní kò tóbi, kò ní jẹun púpọ̀, á rọrùn láti sìn.

Kò rọrùn o. Kí wọ́n tó pe ìrun àsùbáà ni Yára ti ń dúró lẹ́nu géètì. Tí a bá sáré dé ẹnubodè UI tí a sì padà, bí mo ṣe ń wá omi mu ni òun ń gbé bọ́ọ̀lù rẹ̀ wá síwájú mi. Iṣẹ́ ló ń fẹ́ ju eré lọ: kí n fi nǹkan pamọ́ kó wá a, kí n kọ́ ọ ní àṣẹ tuntun, kí n jẹ́ kó ronú. Abájọ tí àwọn ọmọ ogun àti ọlọ́pàá káàkiri ayé fi ń lo irú rẹ̀; Malinois ni Cairo, ajá tó bá àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà lọ sílé Osama bin Laden lọ́dún 2011. Malinois tí kò bá rí iṣẹ́ á wá a fúnra rẹ̀: á hú òdòdó, á ya nẹ́ẹ̀tì fèrèsé, á máa yípo nínú kéèjì láti òwúrọ̀ di alẹ́. Inú mi máa ń bàjẹ́ tí mo bá rí i nílé tí bàbá àti ìyá ti ń jáde ní aago mẹ́fà àárọ̀. Ebi iṣẹ́ ló ń pa ajá yẹn.

Tanímọ̀la náà ń fẹ́ rìn láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, àmọ́ tó bá ti rìn tán, á dùbúlẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà kíṣìnì, á máa ṣọ́ àwọn ọmọ. Ìyá mi tó ń bẹ̀rù ajá láti kékeré ti ń pè é ní "ọkọ mi." Irun rẹ̀ ni wàhálà, torí ìpele méjì ni, ó ń re sórí gbogbo àga, ooru oṣù kẹta sì máa ń mú un gan-an. A kì í bá a sáré tí oòrùn bá ti ràn. Irun Malinois kúrú, ó ń fara da ooru jù ú lọ díẹ̀, ṣùgbọ́n omi àti ibòji kò gbọdọ̀ wọ́n àwọn méjèèjì.

Ohun tó yẹ kó ká ẹni tó fẹ́ ra Alsatian lára jù ni ìbàdí. Àrùn kan wà tí kì í jẹ́ kí egungun itan jókòó dáadáa sínú oríkèé rẹ̀. Ó wọ́pọ̀ nínú ẹ̀yà yìí, ó sì ń ti ara òbí dé ara ọmọ. Ẹ ní kí ẹni tó ń tà á mú bàbá àti ìyá ọmọ ajá náà jáde, kí ẹ wo ìrìn wọn. Tí ẹ̀yìn wọn bá rọ̀ wálẹ̀ bíi pé wọ́n fẹ́ jókòó, ẹ má rà á, bó ti wù kó lẹ́wà tó.

Fún ilé tó ní ọmọ kékeré, tí àwọn àgbà ibẹ̀ sì ń lọ síbi iṣẹ́, Alsatian ni mo fọwọ́ sí. Kí ẹni tó ń sáré lójoojúmọ́, tó ń ṣiṣẹ́ nílé, tó sì ti kọ́ ajá rí, mú Malinois. Á gbádùn rẹ̀ dọ́ba. Èyíkéyìí tí ẹ bá mú, ẹ má fi abẹ́rẹ́ àjẹsára dìgbòlugi falẹ̀, kí ẹ sì máa yẹ etí àti àárín ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ wò fún eégbọn tí ẹ bá ti òde dé, pàápàá nígbà òjò.