Máàpù ọ̀ràn police.uk: ó wúlò fún olè, ẹ má fi ti ìfipábánilòpọ̀ wò ó

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti wá ilé gbé rí ní England, ẹ ti mọ police.uk, sáìtì ọlọ́pàá ibẹ̀. Ẹ máa tẹ postcode sí i, ló bá kó ọ̀ràn tí ọlọ́pàá kọ sílẹ̀ ládùúgbò yẹn síta lóṣooṣù, fífọ́lé, mọ́tò jíjí, kẹ̀kẹ́ jíjí, oògùn olóró. Ọ̀fẹ́ ni, kò ní kẹ́ ẹ rẹ́jísítà, ó sì yá báyìí (nígbà tí wọ́n gbé máàpù ọ̀hún jáde lọ́dún 2011 ńṣe lèrò ya bò ó tí sáìtì fi dákú). Tó bá jẹ́ ti olè lẹ fẹ́ mọ̀, ìràwọ̀ 4 nínú 5, kò sírọ́ ńbẹ̀.

Ohun tó ń bí mi nínú ni àwọn òbí tó ń rán ọmọ obìnrin wá sí yunifásítì, tí wọ́n á máa ránṣẹ́ lórí WhatsApp pé "ẹ bá wa wo àdúgbò yẹn, ṣé wọn kì í fipá báwọn ọmọ lò pọ̀ níbẹ̀?", ẹlòmíì á sì wo máàpù yìí á ní àdúgbò ti dáa. Níbo lẹ ti rí i? Kò sí ìfipábánilòpọ̀ lọ́tọ̀ lórí máàpù yẹn. Àkọlé kan ṣoṣo ni, ìwà ipá àti ọ̀ràn ìbálòpọ̀, wọ́n da gbogbo ẹ̀ pọ̀: àwọn tó mutí yó tí wọ́n gbára wọn létí níwájú pọ́ọ̀bù, ẹni tí wọ́n ṣe léṣe gan-an, ẹni tí wọ́n fọwọ́ pa lára nínú bọ́ọ̀sì, ẹni tí wọ́n fipá bá lò pọ̀. Tó bá kọ 40 síbẹ̀, 39 lè jẹ́ ìjà ọtí o, ó sì lè má rí bẹ́ẹ̀. Ojú àmì yẹn gan-an kì í ṣe ibi tọ́ràn ti ṣẹlẹ̀, wọ́n máa ń sún un lọ sójú títì nítòsí kẹ́nikẹ́ni má bàa dá onítọ̀hún mọ̀. Ìyẹn ò burú ṣá, ìyẹn nìkan ni mo gbóríyìn fún.

Ẹ jẹ́ á tiẹ̀ sọ pé wọ́n yà á sọ́tọ̀. Iye tí ọlọ́pàá kọ sílẹ̀ la ṣì ń kà. HMIC, àwọn tó ń yẹ iṣẹ́ ọlọ́pàá wò, jáde lọ́dún 2014 pé nínú 100 ọ̀ràn ìbálòpọ̀ tí wọ́n fi tó ọlọ́pàá létí, bíi 26 ni wọn ò kọ sílẹ̀ rárá. Ọlọ́pàá wá ń kọ ọ̀pọ̀ sílẹ̀ sí i, ọ̀rọ̀ Jimmy Savile, gbajúgbajà sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ BBC tó fi ìbálòpọ̀ fìyà jẹ ọ̀pọ̀ ọmọdé, náà ti tú síta lọ́dún 2012, àwọn èèyàn wá ń sọ ohun tí wọ́n ti gbé mì láti bí ọgbọ̀n ọdún, ọdún tí wọ́n bá sì sọ ọ́ ni wọ́n ń kọ ọ́ sí. Ìfipábánilòpọ̀ tí ọlọ́pàá England àti Wales kọ sílẹ̀ fò láti bíi 16,000 lọ́dún tó parí ní March 2013 dé ohun tó lé ní 65,000 lọ́dún tó parí ní March 2022. Ṣé gbogbo ọkùnrin ibẹ̀ ló ya wèrè lẹ́ẹ̀kan náà ni? Àdúgbò tí nọ́ńbà ẹ̀ ga lè jẹ́ ibi tí ọlọ́pàá ti ń gbọ́ ẹjọ́ obìnrin jù.

Òfin náà tún dá sí i. Lábẹ́ òfin ọ̀ràn ìbálòpọ̀ ọdún 2003 tiwọn, àfi tó bá jẹ́ nǹkan ọmọkùnrin ni wọ́n fi ṣe é kó tó wọ ìlà ìfipábánilòpọ̀, tó bá jẹ́ ìka tàbí igò, ìlà míì ló ń lọ, bẹ́ẹ̀ ẹ̀wọ̀n gbére ni méjèèjì lè fà. Obìnrin tó fipá mú ọkùnrin náà, ìlà míì. Ṣáájú 1994 wọn ò ka ọkùnrin mọ́ ẹni tí wọ́n lè fipá bá lò pọ̀, ṣáájú 1991 ọkọ ò lè jẹ̀bi lórí ìyàwó ẹ̀. (Criminal Code tiwa nílé náà yọ ọkọ sílẹ̀, VAPP 2015, òfin tó ń gbógun ti ìwà ipá, ni ò yọ ọ́, ìyẹn níbi tí ìpínlẹ̀ bá ti gbà á.) Ẹni tó bá ń fi nọ́ńbà 1985 wé ti ìsinsìnyí, kó rọra.

Èyí tí mo lè ní kẹ́ ẹ kà ni ìwádìí lórí ìwà ọ̀daràn tí ONS, iléeṣẹ́ tó ń ka iye nǹkan fún ìjọba, ń ṣe. Wọ́n á wá bá èèyàn nílé, tó bá kan ọ̀rọ̀ ìbálòpọ̀ wọ́n á gbé tábílẹ́ẹ̀tì lé e lọ́wọ́ kó dáhùn fúnra ẹ̀, kẹ́nì kankan má gbọ́. Ibẹ̀ la ti mọ̀ pé àwọn tó lọ sọ fún ọlọ́pàá ò tó 1 nínú 6, àti pé tó bá jẹ́ obìnrin, ó lé ní 4 nínú 10 tó jẹ́ ọkọ, bọ́ọ̀fúrẹ́ńdì tàbí ẹni tí wọ́n ti jọ pínyà ló ṣe é. Máàpù títì wo ló fẹ́ fi ìyẹn hàn yín? Àléébù tiẹ̀ ni pé wọn kì í wọ họ́sítẹ́ẹ̀lì, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tá à ń tìtorí wọn pariwo gan-an ló fò, ẹ ò sì lè rí àdúgbò kan pàtó níbẹ̀. Ìràwọ̀ 3.

Ti police.uk lórí ọ̀rọ̀ yìí, ìràwọ̀ 1. Kí wọ́n kàn pín àkọlé yẹn sí méjì, àmọ́ kí wọ́n má sún àmì náà mọ́lé ẹnikẹ́ni o. Ẹ̀yin òbí, dípò kẹ́ ẹ máa ka àmì, ẹ bá ọmọ yín wá SARC tó sún mọ́ ọn lórí sáìtì NHS (iléeṣẹ́ ìlera ìjọba), ní SARC yẹn ni wọ́n ti ń tọ́jú ẹni tírú ẹ̀ bá ṣẹlẹ̀ sí, ọ̀fẹ́ ni, kò di dandan kó kọ́kọ́ lọ bá ọlọ́pàá. Àwọn tó lọ síbẹ̀ tí wọn ò délé ọlọ́pàá, wọn ò sí lórí máàpù náà.