Numba, Cython, pybind11 àbí PyO3: èwo ló yẹ Python rẹ?

Kí o tó sanwó fún kọ̀ǹpútà oní-core 16 (core ni ẹ̀yà tó ń ṣe ìṣirò nínú ẹ̀rọ), kọ́kọ́ wò ó bóyá Python rẹ lè lò ju ẹyọ kan lọ. Nínú Python tí ọ̀pọ̀ wa ń lò, GIL, àgádágodo kan nínú Python, kì í jẹ́ kí ju thread kan lọ (ìyẹn ọ̀wọ́ iṣẹ́ kan) ṣiṣẹ́ lórí kóòdù Python lẹ́ẹ̀kan náà. Òṣìṣẹ́ mẹ́jọ, ọkọ́ kan. Àmọ́ kóòdù tí compiler ti sọ di èdè ẹ̀rọ lè tú GIL sílẹ̀, kó máa bá iṣẹ́ tirẹ̀ lọ. Ohun tí irinṣẹ́ mẹ́rin yìí wà fún nìyẹn. Ọ̀fẹ́ ni gbogbo wọn. Àkókò rẹ lo máa fi rà wọ́n.

Numba ló pọ́ọ́kú jù. Kọ `@njit(parallel=True)` sókè function, fi `prange` rọ́pò `range`, ó tán. Ìgbà àkọ́kọ́ tí o bá pè é máa falẹ̀, torí ìgbà yẹn gan-an ni compile ń lọ lọ́wọ́; `cache=True` kò ní jẹ́ kó máa tún un ṣe lójoojúmọ́. Tí iṣẹ́ rẹ kì í bá ṣe nọ́ńbà inú array NumPy (library ìṣirò Python), má wulẹ̀ da ara rẹ láàmú.

Cython, tó ń sọ kóòdù bíi ti Python di C, ti wà láti 2007. Òun náà ní `prange`, OpenMP, irinṣẹ́ tó ń pín iṣẹ́ C fún àwọn core, ló sì gbé e kà. Ohun tí mo fẹ́ràn jù níbẹ̀ ni `cython -a`: ó máa ń fi yẹ́lò kun gbogbo ìlà tó ṣì ń padà sọ́dọ̀ Python, kí o lè mọ ibi tí iṣẹ́ kù sí. (Ẹ̀yin oní-Mac, clang (compiler C) tí Apple ń fún yín kò gbé OpenMP wá. Ẹ wá a fúnra yín.)

Ẹni tó ti ní kóòdù C++ nílẹ̀, tó fẹ́ so ó mọ́ Python, ni pybind11 wà fún. Kì í dédé tú GIL sílẹ̀. Ìwọ lo máa kọ `py::gil_scoped_release`. Bí thread méjì bá sì ń kọ nǹkan sójú kan náà, kò sẹ́ni tó máa kìlọ̀ fún ọ.

PyO3, tó ń so kóòdù Rust mọ́ Python, yàtọ̀ níbẹ̀ yẹn: compiler Rust kì í gba irú kóòdù bẹ́ẹ̀ wọlé rárá, àfi tí o bá fi `unsafe` fipá mú un. Rayon, library Rust kan, á pín iṣẹ́ náà fún àwọn core; maturin á dì í kí pip lè fi sínú Python. Rust kì í ṣe ohun téèyàn ń kọ́ ní òpin ọ̀sẹ̀ kan, ṣùgbọ́n fún iṣẹ́ tuntun tó máa pẹ́ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn, òun ni màá mú.

Python 3.13, tó jáde ní 2024, ní ẹ̀yà tí kò lo GIL. Kí o tó sáré síbẹ̀, yẹ àwọn library rẹ wò: ẹyọ kan tí a fi C tàbí irú rẹ̀ kọ, tí kò bá kéde pé òun ti ṣe tán láti ṣiṣẹ́ láìsí GIL, bí o bá ṣe import rẹ̀ báyìí, GIL ti padà dé.