Ìkìlọ̀ fún ẹ̀yin tó fẹ́ ra kẹ̀kẹ́ ìje tòkunbọ̀ l'Ábẹ́òkúta: pọ́tì ló wà lábẹ́ ọ̀dà yẹn

₦380,000. Mo kọ ọ́ sókè kí gbogbo yín lè rí i. Iye tí mo kà sílẹ̀ nìyẹn fún férémù tó ti kán tẹ́lẹ̀, tí wọ́n fi pọ́tì àwọn tó ń tún ara mọ́tò ṣe dí, tí wọ́n wá fi ọ̀dà dúdú bò mọ́lẹ̀. Nínú ìgboro Abẹ́òkúta wa níbí ni. Mi ò ní dárúkọ ẹni tó tà á fún mi, ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ ń wá kẹ̀kẹ́ àkọ́kọ́ tí ẹ máa fi ṣe triathlon kúkúrú (ìdíje lúwẹ̀ẹ́, kẹ̀kẹ́ àti eré ẹsẹ̀), tí ẹ máa fi bá ọ̀wọ́ agunkẹ̀kẹ́ gùn láàárọ̀ Sátidé, ẹ fara balẹ̀ kà á.

"Kábọ́ọ̀nù gidi ni, ẹ̀gbọ́n. Ẹ gbé e wò." Ẹni tó ń tà á ló sọ bẹ́ẹ̀. Mo gbé e. Ó fúyẹ́ lóòótọ́. Kábọ́ọ̀nù náà (fọ́nrán dúdú tó fúyẹ́ tó sì le, tí wọ́n fi ń ṣe férémù) sì ni lóòótọ́, ibẹ̀ gan-an ló ti rí mi mú. Ọ̀dà rẹ̀ dúdú, kò dán, kò ní àpá kankan. Kẹ̀kẹ́ tí wọ́n ti gùn lókè òkun fún ọdún mẹ́fà, tí wọ́n kó sínú kọ̀ǹtẹ́nà wá, tí kò ní àpá kan ṣoṣo! Ó yẹ kí n ti bi í léèrè lójú ẹsẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí férémù náà ti kán. Ọ̀pá tó ti ọrùn kẹ̀kẹ́ sọ̀ kalẹ̀ wá síbi tí pẹ́dà ti ń yí, ní abẹ́ rẹ̀ níbi tí ojú kì í dé, ní ìwọ̀n ìka mẹ́rin sí pẹ́dà. Mẹkáníìkì fi ṣóńṣó ọ̀bẹ ha á. Ọ̀dà ṣí. Pọ́tì yẹn ló bọ́ sílẹ̀, ó gbẹ, ó funfun, ó ń rún bí ẹ̀fun. Lábẹ́ ẹ̀, fọ́nrán kábọ́ọ̀nù ti já, ó ta ṣágaṣàga bí etí aṣọ tó ya. Pọ́tì! Agbára kábọ́ọ̀nù wà nínú fọ́nrán tó gùn láìjá. Tó bá ti já, àfi kí ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe ha ibẹ̀ dànù, kó tẹ́ fọ́nrán tuntun lé e ní ìpele-ìpele pẹ̀lú ẹ́pọ́sì, gọ́ọ̀mù tó máa ń gan. Pọ́tì kò gbé nǹkankan dúró, ojú ló ń tàn. Irin a máa tẹ̀ kó tó kán. Kábọ́ọ̀nù kì í tẹ̀, ńṣe ló máa ń já lójijì.

Kí mẹkáníìkì tó ha á, gbogbo ohun tí mo ń gbọ́ kò ju kẹ́-kẹ́-kẹ́ lọ nígbà tí mo bá dìde lórí pẹ́dà láti gun òkè. Mo pe ẹni tó tà á. Ó ní ìdọ̀tí ni, kí n fi gírísì sí i. Gírísì! Lọ́nà Ṣàgámù, tí tírélà ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, tí a ń sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú eré 40 kìlómítà ní wákàtí, gírísì ló ní kí n fi sí férémù tó ti kán!

Mo mọ̀ pé ẹ máa ní kí ló dé tí mi ò yẹ̀ ẹ́ wò. Mo yẹ̀ ẹ́ wò! Mo yí táyà, mo fún bíréèkì, mo ti gíà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Gbogbo ẹ̀ ṣiṣẹ́. Ohun tí mi ò ṣe ni pé mi ò dorí ẹ̀ kodò. Ẹ̀bi mi nìyẹn, mo gbà. Àmọ́ ta ló ń dorí ọjà ọlọ́jà kodò nígbà tí olúwa ẹ̀ dúró tì í, tó ń pè é ní ẹ̀gbọ́n, tó ti gbé omi tútù fún un? Ká ní mo dorí ẹ̀ kodò, ǹ bá rí i pé ọ̀dà ti dí nọ́ńbà tí wọ́n fín sí abẹ́ ibi tí pẹ́dà ti ń yí, kò ṣeé kà mọ́. Ǹ bá rí i pé ọ̀dà bo bóòtù méjèèjì tí wọ́n fi ń de ibi tí ike omi ń jókòó sí. Ilé iṣẹ́ kì í kun bóòtù mọ́ férémù. Ẹni tó kùn ún pa pọ̀ bẹ́ẹ̀ kò tú kẹ̀kẹ́ náà rárá, ó kàn ń yára bo nǹkan mọ́lẹ̀ ni.

Kò tán síbẹ̀. Ìwọ̀n férémù náà jẹ́ 58. Gíga mi jẹ́ 170 sẹ̀ǹtímítà, 52 sí 54 ló bá mi mu. "Ẹ rẹ ṣíìtì sílẹ̀, ẹ̀gbọ́n, á bá yín mu." Irọ́ ni! Ṣíìtì tí ẹ rẹ̀ sílẹ̀ kò dín bí hándù ṣe jìnnà sí yín kù. Ó wá yọ ọrùn hándù, irin kúkúrú tó so hándù mọ́ férémù, tó jẹ́ 110 mìlímítà, ó fi ti 60 rọ́pò ẹ̀, ó ní ó ti parí. Bí mo bá fi ọwọ́ kan hándù pẹ́nrẹ́n, ó ti yí. Nínú ọ̀wọ́ tí táyà wa fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ara wọn, ẹyọ ẹnìkan tí hándù rẹ̀ ń ṣe bẹ́ẹ̀ á kó gbogbo ènìyàn lulẹ̀.

Gíà ńkọ́? Eyín 53 àti 39 níwájú, 11 sí 25 lẹ́yìn. Ó ní tàwọn tó ń díje gan-an nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ ni, tàwọn tí ẹsẹ̀ wọn ti le. Níbi tó fúyẹ́ jù lọ, ìyípo pẹ́dà kan ń gbé kẹ̀kẹ́ yẹn lọ ní nǹkan bíi mítà 3.3. Èyí tó yẹ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, 50 àti 34 níwájú, 11 sí 32 lẹ́yìn, mítà 2.2 ni. Ẹ fi méjèèjì gun òkè agbègbè Olúmọ, orúnkún yín á sọ ìyàtọ̀ fún yín.

Yàtọ̀ sí ₦380,000 yẹn, ó tún gba ₦45,000 fún irin tí wọ́n ń gbé ìgbọ̀nwọ́ lé. Ó ní kò sẹ́ni tó ń ṣe triathlon láìní in. Lúwẹ̀ẹ́ mítà 750, kẹ̀kẹ́ kìlómítà 20, eré ẹsẹ̀ kìlómítà 5: hándù lásán tó. Nínú ọ̀wọ́, wọn ò tiẹ̀ ní gbà kí ẹ lò ó, torí ọwọ́ jìnnà sí bíréèkì. Hándù kábọ́ọ̀nù ló sì dè é mọ́, tó fún un pa. Tí ilé iṣẹ́ tó ṣe hándù kábọ́ọ̀nù kò bá sọ pé ó gba ìdè, ẹ má de nǹkankan mọ́ ọn, ó lè fọ́.

Mo gbé e padà. "Ẹ̀gbọ́n, tòkunbọ̀ kò ní gáráńtì." Ó ní òun á gbà á lọ́wọ́ mi ní ₦60,000. Kí ló fẹ́ fi férémù tó kán ṣe? Yóò tún un kùn ni! Mi ò tà á. Mo fi ayùn irin gé e sí méjì lójú ẹ̀.

Mi ò gba ìkankan nínú àwọn tó ń ta kẹ̀kẹ́ tòkunbọ̀ gbọ́ mọ́, ti Èkó, ti Ìbàdàn, ti orí íntánẹ́ẹ̀tì. Wọ́n á fi àwòrán mẹ́wàá ránṣẹ́, kò ní sí ẹyọ kan tó fi abẹ́ hàn. Olóòótọ́ á wà nínú wọn, mi ò ní kó má wà. Kó jáde wá, kó dorí kẹ̀kẹ́ ẹ̀ kodò.

Ẹ yára gbọ́ ìwọ̀nba yìí. Ẹ fi ẹyọ owó lu ọ̀pá férémù díẹ̀díẹ̀ láti orí dé ìdí, ibi tó bá ṣàdédé dún bọ̀ọ̀ bí igi tó jẹrà, ẹ gbé e kalẹ̀. Ẹ fa ọ̀pá ṣíìtì yọ, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sínú. Tí kò bá yọ, ẹ má rà á. Ẹ wọn ṣéènì láti pínnì kan títí kan ìkẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n: ti tuntun jẹ́ nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 30.5. Tó bá ti ju 30.6 lọ, ẹ yọ owó ṣéènì kúrò nínú iye tí ẹ fẹ́ san. Tó bá dé 30.8, kí ẹ yọ ti gíà ẹ̀yìn mọ́ ọn. Ẹ fi rúlà lé ojú rímù níbi tí bíréèkì ń fún, tó bá ti jẹ kòtò, rímù ti tán. Tówó yín kò bá ju tèmi lọ, alumíníọ̀mù tí fọ́ọ̀kì ẹ̀, apá tó di táyà iwájú mú, jẹ́ kábọ́ọ̀nù ni kí ẹ rà.

Kẹ̀kẹ́ dúdú méjì irú tèmi ṣì wà lára ògiri ṣọ́ọ̀bù náà títí di àná, ọ̀kan 54, ọ̀kan 56. Ẹni tó bá ti ra irú ẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀, kó má gùn ún lọ́la. Kó kọ́kọ́ ha ọ̀dà abẹ́ ọ̀pá ìsàlẹ̀ yẹn wò, ní ìwọ̀n ìka mẹ́rin sí pẹ́dà.