Àwọn tó ń bá mi kó táìlì lọ Ìbàdàn

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń kó ọjà láti Èkó lọ Ìbàdàn, ẹ jẹ́ n sọ̀rọ̀ àwọn onítírélà kan tí mo ń lò ní Orílé níbí, torí iṣẹ́ wọn tẹ́ mi lọ́rùn gan-an. Kí wọ́n tó gbé páálí kan sórí ọkọ̀, máníjà wọn á ti bi ẹ́ pé ṣé Bódìjà ni àbí Ìwó Road, ṣé ọkọ̀ ńlá lè wọ àdúgbò yẹn, ta ló máa já ẹrù. Òfin ìrìnnà Èkó ò fẹ́ kí tírélà máa rìn nígboro láti aago 6 àárọ̀ sí 9 alẹ́, torí ẹ̀ ọ̀sán ni wọ́n ń di ẹrù, tó bá ti lé ní 9 wọ́n á gbéra, Berger, Ìbàfò, Mowé, Ṣágámù, wọ́n á sinmi díẹ̀ ní Ògèrè. Tí Berger bá dì pa, wọ́n á gba Ìkòròdú já sí Ṣágámù, wọ́n á sì pè ẹ́ kí wọ́n tó yà.

Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń to táìlì o! Òòró ni, wọn kì í tẹ́ ẹ sílẹ̀, fóòmù láàárín, okùn á fún un pinpin, tapólì á bò ó. Àwọn tí mo lò tẹ́lẹ̀ kàn ń jù ú sókè ni, fífọ́ ló sì ń fọ́.

Owó wọn ga díẹ̀, mo gbà. Àmọ́ ẹ̀yin onítírélà mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yé fowó dísẹ́ẹ̀lì kún un nígbà tẹ́rù ti wà lórí ọkọ̀, ẹ sọ gbogbo ẹ̀ ká tó dì í.