Ẹ má ra wọ́tà hítà bí mo ṣe rà á o! ₦118,000 mi ti wọgbó

Ẹ̀yin ará mi, ẹni tó bá ń múra àtira wọ́tà hítà, ẹ dúró ná kẹ́ ẹ ka èyí. Inú ń bí mi, ojú sì ń tì mí, torí mi ò kì í ṣe ọmọdé, ó ti lé lógún ọdún tí mo ti ń nájà fúnra mi.

Hítà tá a ń lò tẹ́lẹ̀, ọdún mẹ́jọ ló ṣe kí táńkì ẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í jò. Pùlọ́ńbà ní kò ṣeé wẹ́ẹ̀dì, ká ra òmíì. Ìgbà ọyẹ́ ni, ìyá mi sì ń gbé lọ́dọ̀ mi, orúnkún ń dùn wọ́n, omi tútù ò gbọdọ̀ kan ara wọn. Bí mo ṣe kánjú lọ sọ́jà lọ́jọ́ Sátidé nìyẹn.

Ṣọ́ọ̀bù méjì àkọ́kọ́ pe lítà 50 ní ₦150,000. Ẹ̀kẹta pè é ní ₦125,000, a ná an dé ₦118,000. Kẹ́nikẹ́ni má wá sọ fún mi pé ojúkòkòrò ló pa mí o! Ta ni kì í ná ọjà? Láti April 2024 tí wọ́n ti sọ yúníìtì iná Band A di ₦225, owó ta ló ń ṣẹ́ kù?

Ọkùnrin tó ń tà á ní, "Mọ́mì, ẹ fọkàn balẹ̀, orijínà ni, wáráńtì ọdún márùn-ún." Ó ki èyí tó gbé kọ́ ara ògiri bọ iná, iná pupa tàn, mo ní ó dáa. Iná pupa! Ṣé iná pupa ló ń gbé omi kaná ni? Èyí tó tàn yẹn kọ́ ni wọ́n sì gbé fún mi. Ó rán ọmọ kan sí sítọ́ọ̀, ọmọ náà gbé páálí tí wọ́n ti lẹ̀ pa jáde, ó gbé e lé èjìká kan, ó ń fi ọwọ́ kejì tẹ fóònù. Mo rí i o. Ojú mi méjèèjì ni mo fi rí i, mi ò sì bi ara mi pé irú hítà lítà 50 wo ló fúyẹ́ tó báyẹn. Mo ní kí wọ́n ṣí i, ó ní tá a bá já téèpù, wáráńtì ti bàjẹ́. Mo gbà! Àgbàlagbà bíi tèmi, mo gbà!

Ọ̀sẹ̀ kìíní, kò burú. Lẹ́yìn ìyẹn, tí ẹnì kan bá ti wẹ̀ tán, omi tútù ni ẹnì kejì ń bá, mo ní iná ni ò lágbára. Omi bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n bí ìpáàrà, mo ní omi bọ́hóòlù ni. Àárọ̀ Túsidé kan ni mo gbọ́ igbe Màámi ní bálùwẹ̀. Wọ́n fọwọ́ kan ẹnu ẹ̀rọ ṣáwà, iná gbé wọn. Sílípáàsì tí wọ́n wọ̀ ni Ọlọ́run fi yọ wọ́n. Mo gbé wọn jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ó tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí ọ̀rọ̀ tó jáde lẹ́nu wọn, ọwọ́ wọn ń gbọ̀n nínú tèmi. Nítorí ₦32,000 tí mo rò pé mo jèrè!

Rìwáyà wá tú u. Abẹ́ ọ̀dà funfun yẹn, ọ̀dà àtijọ́ ló wà níbẹ̀, ojú wẹ́ẹ̀dì sì hàn gbangba. Àlòkù tí wọ́n kùn ni! Ẹ́límẹ́ǹtì, irin tó ń gbé omi kaná, tí wọ́n pè ní kọ́pà, mágínẹ́ẹ̀tì inú sípíkà lẹ̀ mọ́ ọn gbà-ìn, bẹ́ẹ̀ mágínẹ́ẹ̀tì kì í lẹ̀ mọ́ kọ́pà. Kò sí ọ̀pá magnesium tó yẹ kí ìpáàrà máa jẹ dípò táńkì. Wáyà earth, tó yẹ kó gbé iná tó bá jò lọ sínú ilẹ̀, wọ́n gé e sínú ibẹ̀ lásán, kò kan nǹkan kan. A da omi inú ẹ̀ sí kẹ́ẹ̀gì lítà 25, kẹ́ẹ̀gì kan kún, ìkejì ò tó ìdámẹ́rin. Lítà 30 ni wọ́n lẹ 50 mọ́ lára!

Mo gbé e padà. Ọkùnrin tó tà á fún mi wò mí tòkè-tilẹ̀, ó ní kì í ṣe ọ̀dọ̀ òun ni mo ti rà á. Rìsíìtì tó kọ fún mi, "1 w/heater" péré ló wà níbẹ̀, kò sí orúkọ ṣọ́ọ̀bù, kò sí nọ́ńbà ọjà, àfi "No refund of money after payment" tí wọ́n tẹ̀ sísàlẹ̀. Mo pariwo títí, àwọn èèyàn ń wò mí bíi wèrè.

Ta ló sì júwe ìlà ṣọ́ọ̀bù yẹn fún mi? Pùlọ́ńbà yìí náà ni. Ó lóun ò mọ nǹkan kan, mi ò gbà á gbọ́. Òótọ́ ni pé èmi ni mo ní kó bá mi so wáyà ẹ̀, torí mi ò fẹ́ sanwó rìwáyà, ìyẹn dùn mí. Àmọ́ gbogbo àwọn tó ń ta nǹkan iná yìí, mi ò rí ẹni tí mo lè fọkàn tán nínú wọn mọ́.

Ẹ jẹ́ kí n yára sọ ọ́: ẹ ní kí wọ́n ṣí páálí kẹ́ ẹ tó sanwó, èyí tẹ́ ẹ máa gbé lọ gan-an ni kẹ́ ẹ yẹ̀ wò, ẹ gbé e wò bóyá ó wúwo, ẹ fọwọ́ ra ìdí ẹ̀ bóyá ojú wẹ́ẹ̀dì wà níbẹ̀, ẹ béèrè sẹ́fìtì fáàfù tó ń tú agbára omi gbígbóná jáde kí táńkì má bàa bẹ́, kí nọ́ńbà ọjà wà nínú rìsíìtì, kí rìwáyà ló so iná ẹ̀ pẹ̀lú earth, kẹ́ ẹ sì pa iná ẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó wọ bálùwẹ̀. Tí wọ́n bá fi "no refund" dẹ́rù bà yín, òfin FCCPC, àjọ ìjọba tó ń gbèjà oníbàárà, ti 2018 fún wa lẹ́tọ̀ọ́ láti dá ọjà tó léwu padà. Èmi ti ń kọ tèmi lọ.

Omi tá a sè nínú kẹ́tù ni Màámi fi ń wẹ̀ báyìí. Àwọn tó ń pariwo "kọ́ńdẹ́ẹ̀mù irin" kiri àdúgbò ti wá bèèrè táńkì yẹn lẹ́ẹ̀mejì, mi ò tà á. Rìwáyà ti bá mi fi dírílì lu ihò mẹ́fà sí i lára, kẹ́nì kan má tún lọ kùn ún fún ìyá ẹlòmíì.